Tùràrí, Lọ́fíńdà àti Èémí Ọmọ Wa Níbi Ìjókòó Síkírì

Ọ̀rọ̀ tòní kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ìfọ̀nyìn wa, láti Banigbé títí dé Igolo. Ọ̀rọ̀ òórùn dídùn ni, èyí tí àwọn ará wa tó wà ní ọ̀nà Tijaniyya àti Kadiriyya máa ń lò níbi síkírì. Ìyá kan ló béèrè lọ́wọ́ wa pé, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ṣe síkírì ní pálọ̀ wọn, ọmọ òun olóṣù mẹ́jọ máa ń húkọ́ di òwúrọ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ pé kí wọ́n dín tùràrí kù, kí wọ́n má bàa ní kò fẹ́ràn ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òórùn dídùn kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Sunna ni kí ọkùnrin wẹ̀, kó sì lo lọ́fíńdà kó tó lọ kírun Jímọ̀. Àwọn onísúfí tún mú un ní pàtàkì gan-an. Ṣéù Ahmad Tijani ló dá ọ̀nà Tijaniyya sílẹ̀ ní Algeria ní nǹkan bí ọdún 1781. Ìlú Fez ní Morocco ló kú sí ní 1815. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ máa ń ka Jawharatul Kamal nínú wásífà, wọ́n sì gbà pé ẹ̀mí Ànábì ń bá wọn jókòó níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ilé máa ta sánsán. Ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì, ṣebí yóò tún ilé ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìmọ́tótó ni májẹ̀mú, tùràrí kọ́. Ara, aṣọ àti ibi ìjókòó gbọ́dọ̀ mọ́. Kódà, ẹni tó ṣe táyámọ́mù dípò àlùwàlá olómi kì í ka Jawharatul Kamal. Wásífà kì í sì í bàjẹ́ nítorí pé kò sí èéfín. Ẹ tún rántí pé Ànábì ní kí ẹni tó jẹ àlùbọ́sà tútù má sún mọ́ mọ́sálásí, nítorí ohun tó ń ni èèyàn lára ń ni àwọn máláíkà lára. Bí òórùn àlùbọ́sà lásán bá tó bẹ́ẹ̀, èéfín tó ń dí ọmọ ọwọ́ lọ́nà èémí ńkọ́? Ìyá tó ní kí wọ́n dín in kù kò ba ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jẹ́.

Bó ti wù kí tùràrí dùn tó, èéfín ni èéfín. Ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ tín-ín-rín, ó sì ń yára mí ju àgbà lọ. Àgbà a máa mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ ọwọ́ a sì máa mí ní ìlọ́po méjì iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín tí àgbà fara dà lè mú kí àyà ọmọ máa dún fíìfíì. Ó sì lè ta ikọ́ fée jí lára ẹni tó ní in, ọmọdé tàbí àgbà. Èédú tí a fi ń jó tùràrí tún ní ewu tirẹ̀. Bí ó bá ń jó nínú yàrá tí a ti pa, afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde lára rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí orí bá ń fọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ má rò pé ẹ̀mí ló gùn wọ́n. Ẹ kó gbogbo wọn síta síbi atẹ́gùn kíákíá, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ tan tùràrí díẹ̀ kí àwọn èèyàn tó dé, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ṣíṣí. Nígbà tí ilé bá ti ta sánsán, ẹ gbé ìkòkò iná síta, síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Kí ọmọ ọwọ́, aboyún tí òórùn ń rìn lọ́kàn àti ẹni tó ní ikọ́ fée jókòó sí ibòmíràn títí èéfín yóò fi lọ. Àgbà lè fi lọ́fíńdà kan aṣọ rẹ̀ dípò èéfín.

Ọ̀rọ̀ òróró olóòórùn inú ìgò kékeré ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ mọ̀ pé ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kílò òdòdó róòsì lọ tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí kílò kan òróró rẹ̀. Nítorí náà, ìgò tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kì í ṣe róòsì gidi. Kẹ́míkà tó jọ ọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kò burú láti fi kan aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni bí oògùn mímu.

Òróró gidi náà lágbára. Àgbà tó fẹ́ fi para, kó kán ẹ̀kán mẹ́ta péré sínú ṣíbí ọbẹ̀ kan òróró àgbọn, kó kọ́kọ́ fi dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹ má fi kan ara ọmọ ọwọ́. Ẹ má sì fi báàmù tó ní káńfọ̀ tàbí mẹ́ńtóòlù sí imú tàbí àyà ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Káńfọ̀ oníkóro tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun náà ń kọ́? Ó lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn jẹ́ títí ojú wọn yóò fi pọ́n bí ìyeyè. Ẹ fi oòrùn sá aṣọ náà, ó tó.

Bí ọmọ bá gbé òróró olóòórùn tàbí káńfọ̀ mì, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan lè fa gìrì, ó sì lè pa á. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fipá mú un bì, nítorí òróró náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí ẹ wá.

Ní ti ọmọ olóṣù mẹ́jọ tó ń húkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Bó bá tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má dúró di ọ̀la. Kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá bàbá ọmọ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tan tùràrí kí àwọn ará tó dé, ká sì gbé e síta. Òórùn rẹ̀ á ṣì wà nílé, ọmọ á sì lè sùn.” Bí agbára ẹnu yín kò bá ká a, ẹ bẹ Mùkádáàmù kó bá yín sọ ọ́.