Kí owó ìgbafẹ́ etíkun tó kúrò lọ́wọ́: Ohun tó yẹ kí ará Yewa kọ́kọ́ wò

Bí ìparí ọdún bá ti ń súnmọ́lé, àwòrán ilé ìgbafẹ́ etíkun a máa kún orí fóònù. Yanrìn funfun, igi àgbọn, omi tó ń dán bíi dígí, àga gbọọrọ lábẹ́ agbòòrùn, ohun mímu tútù lórí tábìlì. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní á wo àwòrán náà, á ní, "Èmi náà á gbádùn ara mi lọ́dún yìí." Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Èyí tó burú ni kí èèyàn san gbogbo owó tán kó tó mọ̀ pé òkun inú àwòrán yẹn, wíwò nìkan ni wọ́n ń wò ó, kò ṣeé wọ̀.

Fún ará Ìlaró, Aiyétòrò, Owódé àti Ìdí-Ìrókò, ọ̀rọ̀ etíkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ Yewa súnmọ́ òkun ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Kódà, erékùṣù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá: Tongeji lorúkọ rẹ̀, ẹja pípa sì ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Tongeji kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ́ fún ẹni tó fẹ́ sinmi nínú yàrá olówó ńlá. Àmọ́ ní Àgbádárìgì, ní Èkó, àti ní orílẹ̀-èdè Benin tó wà lódìkejì bọ́dà, ilé ìgbafẹ́ etíkun wà lóríṣiríṣi. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni bí èèyàn ṣe máa mọ èyí tó yẹ kó mú.

Òkun apá ibí kì í ṣe ti inú fíìmù

Láti Èkó dé Àgbádárìgì, dé Kútọnu, dé Lomé, òkun kan náà ni. Kò sí erékùṣù tó dúró níwájú rẹ̀ lójú agbami, kò sì sí àpáta abẹ́ omi tó ń fọ́ ìgbì kó tó dé ilẹ̀. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ń ti ìgbì wá, ó sì máa ń le jù láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Bí ìgbì bá dé, á gun yanrìn, á tún padà. Ibi tó ti ń padà gan-an ni ewu wà. Omi náà kì í fọ́n ká padà. Ojú ọ̀nà tóóró ló máa ń wá, á kó ara jọ síbẹ̀, á sì máa ṣàn lọ sínú agbami pẹ̀lú agbára. Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà yẹn, kódà kí omi má ju ìbàdí rẹ̀ lọ, á kàn rí i pé yanrìn ń yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ojú ọ̀nà yìí a máa dákẹ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbì á máa fọ́ funfun lọ́tùn-ún lósì, àárín á dúdú díẹ̀, á parọ́rọ́. Àlejò á ní ibẹ̀ ló dáa láti wọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tó kọ́ ìwẹ̀ nínú odò Yewa láti kékeré lè rò pé òkun náà ò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n odò, apá ibì kan ló ń ṣàn sí. Òkun ń fà, ó ń tì, ọ̀nà tó gbà lánàá sì lè máà jẹ́ èyí tó máa gbà lónìí.

Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbé èèyàn, kó má ṣe bá a jìjàkadì láti padà sí etíkun tààrà, torí agbára á tán kó tó débẹ̀. Kó jẹ́ kí ara rẹ̀ léfòó, kó na ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i, kó wá lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kó máa tẹ̀ lé etíkun lọ, títí tó máa fi bọ́ lójú ọ̀nà omi náà, lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó kọrí sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà, kó má sáré kó sínú omi lọ́wọ́ òfo. Kó ju ohun tó lè léfòó sí i, bíi kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa, kó sì ké pe àwọn apẹja tàbí àwọn tó ń ṣọ́ etíkun.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò fi yẹ kó jẹ́ "Eélòó ni yàrá?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Níbo gan-an ni àlejò ti ń wẹ̀?" Ilé ìgbafẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní etíkun yìí máa ní súwímín-púùlù tó mọ́, tí èèyàn ń ṣọ́, tó sì ní ibi tí kò jìn fún àwọn ọmọdé. Òmíràn máa ní apá tó kọjú sí ọ̀sà, níbi tí ìgbì kì í dé. Èyí tí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, ìran òkun ló ń tà. Ìran òkun náà dára, àmọ́ kí olówó mọ̀ pé òun ló ń rà.

Ibi tó wà nítòsí, àti irú ẹni tó yẹ

Àgbádárìgì ló rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ sọdá bọ́dà. Láti Owódé, ọ̀nà Àtàn àti Agbára ló já sí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Òkun wà níbẹ̀, ọ̀sà náà wà. Apá ọ̀sà ni Whispering Palms wà ní Ìwóró, èyí sì bá ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké mu, torí omi ibẹ̀ kì í ru bíi ti òkun. Ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun láyé ọjọ́un.

Ní Èkó, Tarkwa Bay yàtọ̀ sí ìyókù. Ògiri òkúta ńlá tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó ló dáàbò bò ó, omi rẹ̀ sì rọ̀ ju ti etíkun tó kọjú sí agbami gbangba. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ dé ibẹ̀, bákan náà ni Ilashe àti Inagbe. Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, La Campagne Tropicana tí Wanle Akinboboye dá sílẹ̀ ní 1984 lókìkí fún ilé tí wọ́n kọ́ ní ìlànà ìbílẹ̀. Kẹ́ni tó ń bọ̀ láti Aiyétòrò ṣírò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó mọ́ ọn o, torí òpin ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méjì lè di ọjọ́ kan péré lójú ọ̀nà.

Lódìkejì bọ́dà, ẹni tó bá gba Ìdí-Ìrókò máa kọjá Ìgolo, á dé Àjàṣẹ́, lẹ́yìn náà Kútọnu. Etíkun Fidjrossè wà nínú Kútọnu fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches ti bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ sí Ouidah. Ní ẹ̀bá Ouidah ni Casa del Papa wà, láàárín òkun àti ọ̀sà. Ìlú yẹn náà ló ní ọ̀wọ̀n ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún, àjọ̀dún Vodun máa ń kó èrò lọ síbẹ̀ gan-an, yàrá á wọ́n, owó rẹ̀ á sì lè gòkè. Grand-Popo jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ju 80 kìlómítà lọ sí Kútọnu, ó súnmọ́ Togo. Ibi ìdákẹ́jẹ́ ni, ó dáa fún tọkọtaya tó fẹ́ sinmi. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé àlejò lọ wo Bouche du Roy, ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Òkun Grand-Popo le, torí náà kí olúwarẹ̀ yan ilé tó ní púùlù.

Bọ́dà kì í ṣe ohun àfojúdi

Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Benin láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò nílò ìwé. Páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, pẹ̀lú káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Kó rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ nígbà tó ń jáde àti nígbà tó ń wọlé. Ẹni tó ń kó ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ dání, kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí ọmọ náà. Ẹni tó ń wa mọ́tò tirẹ̀, kó kó ìwé ọkọ̀ àti Brown Card ECOWAS dání. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi ọ̀kadà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kó lè yá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ti di arúfin, ì báà ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tó ga jù lọ.

Ará Yewa ò sì ní gbàgbé oṣù kẹjọ 2019 tí ìjọba àpapọ̀ ti bọ́dà pa. Ìdí-Ìrókò kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Oṣù kẹrin 2022 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n ṣí i. Nítorí náà, kó tó di pé owó jáde, kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì pé: bí bọ́dà bá tì, ṣé wọ́n á dá owó padà, àbí wọ́n á sún ọjọ́ síwájú? Kí wọ́n fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ ní kíkọ.

Owó tí wọ́n pè, owó tí wọ́n á gbà

Ní Benin, séfà ni wọ́n ń ná, séfà sì so mọ́ yúrò: 655.957 séfà ni yúrò kan. Yàrá tí wọ́n bá pè ní 65,600 séfà lálẹ́ kan, 100 yúrò ni. Bí náírà bá jábọ́, yàrá náà á wọ́n sí i lójú ará Nàìjíríà, bí hòtẹ́ẹ̀lì ò tilẹ̀ fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó bá ti ń dá èsúsú fún ìrìn àjò yìí, iye séfà ni kó máa fi ṣírò, kí owó má bàa jábọ́ sáàárín ọ̀nà.

Lórí fóònù, èèyàn lè béèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Ẹ káàsán mà. Owó yìí, ṣé ti yàrá ni àbí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé a ó tún san owó orí tàbí owó ọkọ̀ ojú omi? Wákàtí mélòó ni iná ń wà? Ṣé púùlù ń ṣiṣẹ́ báyìí?" Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí àwòrán púùlù lè ti pé ọdún márùn-ún. Kó ní kí wọ́n ya fídíò ọjọ́ náà ránṣẹ́. Owó gbọ́dọ̀ wọ àpò báǹkì tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé fóònù. Ẹni tó bá ń kánjú gba gbogbo owó, tí kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ibi ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, kí oníkálukú wọ jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà ẹ̀mí kí ọkọ̀ tó gbéra, ọmọdé náà kó wọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Kí ìrìn náà má bọ́ sí alẹ́, torí ìjọba ti fòfin de rírin ìrìn òru lórí omi.

Ẹni tó fẹ́ lọ jìnnà ńkọ́?

Àwọn kan fẹ́ erékùṣù gidi, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé èèyàn lọ. Cape Verde wà lára ECOWAS, erékùṣù mẹ́wàá ni, Sal àti Boa Vista sì ní hòtẹ́ẹ̀lì etíkun ńláńlá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ta yàrá, oúnjẹ àti ohun mímu pọ̀ lówó kan ṣoṣo. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ kò sí ìjayà oúnjẹ tó gbówó lérí nígbà tí ìdílé bá ti débẹ̀. Kí èèyàn mọ̀ pé Sal gbẹ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lágbára. Kì í ṣe igbó tútù bíi ti ilẹ̀ Yewa. Níbẹ̀ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ò yí padà: apá wo nínú etíkun ló ṣeé wẹ̀, ta ló sì ń ṣọ́ ọ?

Àǹfààní kan wà tí ará Ìlaró ní, tí ará Kánò ò ní. Ó lè jí ní àárọ̀ Sátidé, kó lọ Àgbádárìgì tàbí Kútọnu, kó jẹun ọ̀sán nínú ilé ìgbafẹ́ tó wù ú, kó wo púùlù, kó wo ilé ìyàgbẹ́, kó bá ẹni tó ń ṣọ́ omi sọ̀rọ̀, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà yẹn ni kó tó san owó ọdún. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan ló ná an, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ni ìyẹn lè gbà lọ́wọ́ àbámọ̀.