Èdè Abẹ́rẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Òṣùwọ̀n Ìgbóná Ẹ́ńjìnnì

Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì lónìí. Abẹ́rẹ́ tí ń wọn ìgbóná nínú ọkọ̀ ní èdè tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì gbọ́ èdè náà yóò ṣì í túmọ̀. Èmi pàápàá ti ṣì í túmọ̀ rí, owó ńlá ni mo sì fi kọ́ ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ náà, láti Agége ni mo ti ń bọ̀, mo ń lọ sí Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí mo dé Ọ̀yìngbò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí kò wá lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ gòkè dé ìtòsí àmì pupa, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Lẹ́yìn náà ni ó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mí kanlẹ̀, mo ní ara ọkọ̀ ti tutù. Kí n tó dé Ìddó, ẹ́ńjìnnì kú. Omi inú rẹ̀ ti tán, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, irin orí ẹ́ńjìnnì sì ti tẹ̀.

Kí ni abẹ́rẹ́ ń sọ nígbà tí mo ń yọ̀? Sẹ́ńsọ̀, irin kékeré kan tí a rì bọ inú omi ẹ́ńjìnnì, ni ó ń rán abẹ́rẹ́ níṣẹ́. Bí omi bá fà, tí afẹ́fẹ́ gba ipò rẹ̀, omi gbígbóná kò kan irin náà mọ́. Yóò wá máa jẹ́rìí pé ohun gbogbo tutù. Bí omi bá tún ta kàn án, abẹ́rẹ́ yóò fò sókè. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ bá já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ó ti ga, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Mo ti na ọwọ́ sí i nígbà tí alábàárù kan ké mọ́ mi pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i o!” Ọmọ náà gbà mí. Nínú ìkòkò lásán, omi a máa hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ìdérí yìí ń há a mọ́ débi pé ó lè gbóná dé nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Ẹni tí ó bá ṣí i lójijì, ojú ara rẹ̀ ni ó ń fi omi àti oru gbígbóná bó. Ó di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá.

Bí omi bá pé, ẹ wo ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gòkè. Bí ó bá ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lórí afárá Third Mainland, fáànù ni kí ẹ fura sí, nítorí atẹ́gùn ọ̀nà ti ń bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, fáànù yẹ kí ó yí. Bí kò bá yí, ẹ yẹ fíúsì àti wáyà wò kí ẹ tó náwó lé rédíétọ̀ tuntun. Bí ó bá jẹ́ orí eré ni ó ti ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ dí nínú, tàbí kí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá sì fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, tí omi sì pé, ẹ tan iná iwájú ọkọ̀. Bí ó bá tún sún, wáyà tí kò kan ara ọkọ̀ dáadáa ni ó ń purọ́. Èyí tí ó burú jù ni kí omi máa dín láìjò sílẹ̀, kí ọ́ìlì sì dà bí wàrà. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bí mi nínú. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ tẹmọ́sítáàtì dànù, ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún.” Mẹkáníìkì tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kò ní èrò ibi, ṣùgbọ́n ó ṣìnà. Ooru Èkó kì í sábà ju 35 lọ. Nǹkan bí 90 ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Tẹmọ́sítáàtì ni ilẹ̀kùn tí ń mú un dé ibẹ̀: ìda inú rẹ̀ a yọ́, a wú, a sì ti ilẹ̀kùn náà ṣí kí omi lè kọjá sí rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ dànù, ẹ́ńjìnnì yóò máa mu epo ní àmujù, yóò sì tètè jẹ. (Àwọn tí ó wa Volkswagen ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, kò ní irú wàhálà yìí: atẹ́gùn ni ó ń tù ú, kò mu omi rárá.)

Ìkòkò omi kan tó láti dán an wò. Ẹ so tẹmọ́sítáàtì rọ̀ sínú rẹ̀ lórí iná. Ọ̀pọ̀ wọn a máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 àti 90. A sì máa ń kọ nọ́ńbà náà sí wọn lára. Bí omi bá hó tí ilẹ̀kùn kò ṣí, tàbí tí ó ti wà ní ṣíṣí nínú omi tútù, ẹ ra òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ mi fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024, ni mo ń wọ̀ láti Agége dé Ọ̀yìngbò. Lọ́jọ́ tí a parí iṣẹ́, a gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, a ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, a da kúláǹtì sí i, a kò da omi kànga etí ọ̀sà, èyí tí ó lè ní iyọ̀ tí ń jẹ irin. A tan ẹ́ńjìnnì, a takété sí ẹnu rẹ̀, a sì ń bu kúláǹtì kún un títí hóró afẹ́fẹ́ kò fi yọ mọ́. Ìgbà náà ni a tó dé e.