Ọ̀dà wo ló yẹ abẹ́ ọkọ̀ ojú omi yín?

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ẹlòmíì ti lò rí, àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é. Ó fẹ́ máa fi gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá a kun abẹ́ rẹ̀ lo ọ̀dà pupa kan náà tó fi ń kun ọkọ̀ fáíbà gbogbo èèyàn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fa ọkọ̀ náà sókè níṣojú mi. Ihò wínníwínní ti kún abẹ́ rẹ̀, bíi ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ. Owó ọ̀dà ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó fi tún un ṣe.

Bàbà ló fa wàhálà yẹn. Òun ló wà nínú púpọ̀ jù lọ nínú ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀, torí májèlé ni fún ohunkóhun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tí bàbà àti àlùmíníọ́mù bá pàdé nínú omi iyọ̀, wọ́n á di bátìrì, àlùmíníọ́mù ló sì máa ń jẹ dànù. Tó bá jẹ́ àlùmíníọ́mù ni tiyín, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé ó wà fún àlùmíníọ́mù, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi práímà tó bá a mu sí i. Fáíbà àti pákó ò ní ìṣòro yìí.

Àbí kí ló dé tá a tiẹ̀ ń kùn ún? Ẹ wo òpó èbúté nígbà tí omi bá fà, ẹ máa rí àwọn nǹkan funfun kéékèèké mímú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Barnacle nìyẹn. Tí wọ́n bá bo abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ò ní sáré mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Pẹ̀lú owó epo báyìí!

Omi ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọlé, iyọ̀ á pọ̀. Tí òjò bá dé, omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ á dínkù gan-an. Inú omi iyọ̀ ni barnacle ti ń gbádùn ara wọn. Ìdí nìyẹn tí èmi fi gbà pé ìparí òjò, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé dáadáa, ló yẹ kéèyàn kun ọkọ̀ tó ń sùn sínú omi ní Ìkòyí. Ẹni tó ń gbé tiẹ̀ sí apá Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi ò ti fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ò nílò ọ̀dà tó le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì ń fi tírélà gbé e lọ sílé lẹ́yìn ìgbádùn ò nílò ọ̀dà kankan, kó kàn fi omi tútù fọ̀ ọ́ ni.

Oríṣi ọ̀dà méjì lẹ máa bá pàdé jù. Ọ̀kan máa ń le gbagidi. Ó dáa fún ọkọ̀ tó ń sáré, ẹ sì lè fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá pẹ́ lórí ilẹ̀, agbára rẹ̀ á ti lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ń kùn ún léra lọ́dọọdún, á nípọn títí ẹ fi máa ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Èkejì dà bí ọṣẹ ìwẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tuntun á sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Òun ni màá mú fún ọkọ̀ tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn kun ìpele àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí àwọ̀ yẹn bá yọ jáde, ẹ ti mọ̀ pé ó ti tó àkókò.

Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀dà àtijọ́ tó ní TBT wá, ẹ má rà á o. Ní Arcachon lórílẹ̀-èdè Faransé, oògùn yẹn ba oyster jẹ́ débi pé ìkarahun wọn ń wú, wọn ò sì rí ọmọ bí mọ́. Faransé fòfin dè é fún ọkọ̀ kéékèèké lọ́dún 1982, àdéhùn àgbáyé lórí rẹ̀ wáyé lọ́dún 2001, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2008. Ọ̀sà tiwa náà, àwọn èèyàn ṣì ń pa akàn àti edé níbẹ̀ tí wọ́n ń tà fún wa.

Bàbà náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ wọ ìbòjú, kẹ́ ẹ sì kó ohun tó já bọ́ kúrò nílẹ̀ kí òjò tó gbé e wọ inú ọ̀sà. Kẹ́ ẹ tó kùn ún, ẹ fi igi ro ọ̀dà náà títí dé ìdí agolo. Bàbà wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ sùn sí. Ẹni tí kò bá rò ó, omi ọ̀dà lásán ló fi kun ọkọ̀ rẹ̀.