Òṣùká Alábàárù

Ẹni tó bá dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já iṣu àti ẹ̀wà sílẹ̀, lè rí alábàárù kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ru ẹrù tí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò jẹ́ fọwọ́ kàn. Bó bá sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa, yóò rí i pé kì í ṣe pé orí rẹ̀ le ju ti ẹlòmíràn lọ, bí kò ṣe pé ó ti ká aṣọ ní òṣùká, ó mọ ibi tí ẹrù yóò ti dọ́gba, kì í sì í dá a gbé rù, nítorí ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Òun ni mo máa ń rántí nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀gá ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó rọ́jú. Olùkọ́ tí kò rí owó oṣù gbà, nọ́ọ̀sì tó ń dá tọ́jú wọ́ọ̀dù tó yẹ kí ẹni mẹ́rin máa tọ́jú, akọ̀wé báǹkì tí oorun kò kùn nítorí iye owó tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wá wọlé kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá gbogbo wọn sọ: ẹ ṣe ọkàn akin. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ bí a ti í ṣe é.

Àwọn kan ti fara balẹ̀ wádìí bí a ti í ṣe é. Ní 1975, Salvatore Maddi, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àwọn ọ̀gá tó lé ní irinwó ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Illinois Bell, kí ìjì tó dé. Abẹ́ AT&T ni ilé iṣẹ́ náà wà, àjọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣòwò tẹlifóònù ní gbogbo Amẹ́ríkà; nígbà tí àwọn ọdún 1980 wọlé, tí ìjọba sì mú kí wọ́n tú àjọ náà ká, àwọn òṣìṣẹ́ Illinois Bell, tí wọ́n tó 26,000, dín kù di nǹkan bí 14,000 láàárín ọdún kan lé díẹ̀. Ọ̀gá kan ròyìn pé ẹni mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe olórí òun láàárín oṣù méjìlá, kò sì sí èyí tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nínú wọn. Ọdún méjìlá ni Maddi fi tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Bí a bá pín wọn sọ́nà mẹ́ta, ìdá méjì ni ọ̀ràn náà ṣe léṣe, àìsàn ọkàn mú òmíràn, ilé òmíràn tú. Ṣùgbọ́n ara ìdá kan tó kù dá ṣáṣá, iṣẹ́ wọn sì ń tẹ̀ síwájú nínú ìjì kan náà.

Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Maddi àti Suzanne Kobasa, tó tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1979, rí i pé àwọn tó dúró kì í yọwọ́ nínú iṣẹ́ tàbí kí wọ́n sá fún ènìyàn nígbà tó bá le. Wọn kì í sì í ka ìyípadà sí àjálù tó ṣèèṣì já lù wọ́n. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa, nítorí bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fẹ́ràn jù: wọn kò jẹ́ kí ohun tó ju agbára wọn lọ gba èyí tó wà ní ìkáwọ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Olùkọ́ tí mo mẹ́nu bà kò lè fipá gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó lè lọ bá ẹni tó jẹ lówó kí onítọ̀hún tó wá ká a mọ́lé, ó lè jókòó nípàdé ẹgbẹ́ olùkọ́ kó sì sọ̀rọ̀, ó sì lè pinnu pé àwọn ọmọ kíláàsì òun kọ́ ni òun yóò kó ìbínú òun lé lórí. Nǹkan kéékèèké ni wọ́n, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe ọ̀kan yóò rí i pé ọwọ́ òun kò tíì rọ. Maddi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì kọ́ àwọn ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n yìí, ó sì mọ́ wọn lára, tó fi hàn pé kì í ṣe àbímọ́ lásán.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá wa kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe bojúbojú. Òṣùká kì í dín ẹrù kù. Ní 2019, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣàlàyé àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá sí ènìyàn lára, tí okun fi ń tán, tí iṣẹ́ fi ń sú ni, tí ọwọ́ fi ń wálẹ̀, kò pè é ní àrùn, kò sì pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tó sọ ni pé wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ títí láìsí àbójútó ló ń fà á. Nítorí náà, bí wọ́n bá di iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ru nọ́ọ̀sì kan, kì í ṣe ìwàásù ló ń fẹ́, nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn ni. Kí òun náà sì sọ ọ́ jáde, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín ní Bódìjà, alábàárù yẹn náà a sọ ẹrù. A kọ́kọ́ ké sí ẹni tó wà nítòsí kó wá bá òun gbà á sílẹ̀, a wá tú òṣùká kó di aṣọ padà, a fi nu òógùn ojú, a sì jókòó síbi òjìji, a na ẹsẹ̀, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí omi tó ń mu yóò fi tán.