Ìpẹtà Lára Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́: Ẹ Ṣọ́ra fún Jik
Omi kànga ẹ̀rọ tó ní irin nínú máa ń fi àbàwọ́n ìpẹtà sára aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ wa a sì sáré mú Jik. Jik kì í ṣí ìpẹtà. Ńṣe ló ń mú un le sí i, tó sì ń jẹ rọ́bà inú aṣọ.

Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú àbàwọ́n náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí ibòji.

Ẹ má ṣe po ọsàn mọ́ Jik láé: afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀. Ìpẹtà tó bá ṣẹ́kù kì í ṣe nájísì. Ẹ̀mí ju aṣọ lọ.