Táyà Jíìpù: Kí Ni Nọ́ńbà Ara Rẹ̀ Ń Sọ?

Tí ẹ bá kọjá níbi tí àwọn olùkọ́ wa máa ń gbé mọ́tò sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà jíìpù. Ẹ lè rí nǹkan tó jọ báyìí: 265/65R17 112S.

265 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó, ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà ní tiẹ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣírò ó, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 172. R jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà hun okùn inú rẹ̀, 17 sì ni rímù, ní íǹṣì. (Mìlímítà àti íǹṣì lára nǹkan kan ṣoṣo! Ẹ má bi mí o.)

112 yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò, torí àwọn tó ń ra táyà kì í sábà wò ó. Kì í ṣe kílò 112. Ó ní tábìlì tí wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀: 100 dúró fún kílò 800, 104 fún 900, 108 fún 1,000, 112 fún 1,120. Ìyẹn ni ẹrù tí táyà kan lè gbé tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé. S ni eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá: kìlómítà 180 ní wákàtí kan.

Ká ní jíìpù kan kó èrò méje, wọ́n tún di iṣu àti àpò gàrí sẹ́yìn, tí kílò 1,700 wá bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé 850. Kò ní ni 112 lára rárá. Ṣùgbọ́n 100 ti ru kọjá agbára rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Kò ní bẹ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń tan èèyàn nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, á máa gbóná, ó di orí márosẹ̀ kó tó bẹ́. Afẹ́fẹ́ tí kò pé náà ń fa irú ooru yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dín afẹ́fẹ́ kù kó lè gba inú yanrìn kọjá fi gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kó tó gun títì.

Fọkanáísà lè ní, “Sáìsì kan náà ni, ẹ gbà á.” Òótọ́ lè ni, síbẹ̀ 235/65R17 kan wà tó jẹ́ 104, òmíràn wà tó jẹ́ 108, tí wọ́n kọ XL sí lára.

Àwọn kan sì fẹ́ kí jíìpù ga ṣáá. Tí wọ́n bá fi 265/70R17 rọ́pò 265/65R17, gíga táyà á kúrò ní mìlímítà 776 bọ́ sí 803. Tí mítà bá ń sọ 100, eré tí wọ́n ń sá gan-an á ti lé ní 103, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ tí wọ́n bá yí ọwọ́.

Sáìsì àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó tọ́ sábà máa ń wà lára ìwé pélébé kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti tòkunbọ̀, ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT: 0812 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó.