Kóńgò Tí Wọ́n Tẹ Ìdí Rẹ̀ Wọnú

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà,

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Ọmọ wa tó ń bá èèyàn tajà sunkún wálé: ọ̀gá rẹ̀ tẹ ìdí kóńgò wọnú, ó ní kó máa fi wọn ìrẹsì fún oníbàárà. Ọmọ ní òun ò ṣe mọ́. Àwa ìyá ń kọ́? A ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ṣé iṣẹ́ wà nílùú ni?"

Ẹ jẹ́ ká rántí Táí Ṣólàrín. Ọdún 1952 ló di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi n'Íjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìsìn nínú ẹ̀kọ́ dá ìyapa sílẹ̀, ó fipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ jókòó sílé o! Lọ́dún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí dòní. A lè má gba ohun tó gbà nípa Ọlọ́run, àmọ́ owó oṣù ò mú un ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá kọ kóńgò èké, ẹ má lé e padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá a wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé: kí ọ̀kan nínú wa gbà á sísọ̀, tàbí ká fi owó àjọ ràn án lọ́wọ́ kó fi pàtẹ kékeré. Ìyà ọjọ́ díẹ̀ ni.

Oníbàárà mọ kóńgò ẹni o. Ajé á wọgbá!